Àgbàlagbà Tí Mo Ń Kọ́ Ní Ìṣirò

Ẹnu mi mú. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí ní Ìlá-Ọ̀ràngún tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ mi bá sọ ìsọkúsọ, ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń fún un lésì, kò sì ní gbàgbé èsì náà bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àgbà ló sọ ìsọkúsọ, ilẹ̀ ni mò ń wò. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ ṣeun, sà." Bí inú bá ń bí mi, màá gbé e mì bí ẹní gbé oògùn ibà mì. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, mi ò sì rò ó rí pé ẹ̀kọ́ ilé lè di wàhálà síni lọ́rùn, àfìgbà tí mo dé Amẹ́ríkà.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú àti ìwé ìrìnnà dá yín dúró. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo débẹ̀, pé oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ni mo wá gbà, ní ìlú kékeré kan tí òtútù ti ń jọba. Télọ̀ ni bàbá mi, ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí ọjà. Wọ́n rán ẹ̀wù òtútù kan fún mi kí n tó kúrò nílé, wọ́n fi aṣọ onípele méjì sí i nínú, wọ́n ní, "Èyí, kò sí òtútù tó máa là á kọjá." Ọjọ́ kejì tí mo dé ni òtútù là á kọjá. Òtútù ọyẹ́ tiwa àti èyí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Mi ò sọ fún wọn o. Mo ra òmíràn, mo wá ń wọ tiwọn sábẹ́ rẹ̀, mo ṣì ń wọ̀ ọ́ títí dòní.

Kì í ṣe òtútù náà ló kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́, àìkíni ni. Ní Ìlá, kí n tó ti ilé wa dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Òkè-Ìlá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ro mí: ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìjókòó, ṣé àlàáfíà ni? Níbí, mo lè rìn láti ilé dé yunifásítì kí n má la ẹnu rárá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ni mò ń kí. Obìnrin kan dúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé mo mọ̀ ọ́ ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dáa," ó sì yára kọjá lọ. Láti ọjọ́ náà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì nìkan ni mò ń kí, nítorí pé òun kò lè sá.

Ohun kejì ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa kan, arúgbó tí irun wọn funfun bí òwú, ń kọ ìṣirò sójú pátákó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí, tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga iwájú rẹ̀, pe ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n, ó ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà kẹta yẹn kò tọ̀nà." Yéè! Mo fà sẹ́yìn lórí àga mi. Mò ń retí kí ààrá sán. Ààrá ò sán. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo pátákó, wọ́n ní, "Òótọ́ lo sọ, o ṣeun," wọ́n pa á rẹ́, iṣẹ́ ń lọ. Mò ń wo ọmọ náà títí kíláàsì fi parí. Inú bí mi sí i, mo sì tún ń jowú rẹ̀.

Iṣẹ́ wà o. Mò ń ṣe ìwádìí tèmi, mò ń máàkì ìwé, mò ń kọ́ kíláàsì láàárọ̀. Iṣẹ́ kì í bà mí lẹ́rù. Ọmọ télọ̀ ni mí, mo ti bá bàbá mi jókòó ti aṣọ ọdún Iléyá tí gbogbo àdúgbò fẹ́ gbà lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ọ̀sán Sátidé. Ilé á pa rọ́rọ́, màá máa gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń kùn. Ìgbà náà ni mo máa ń pe ilé, ìyá mi ló sì máa ń gbé fóònù.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì, mà."

"Ìrẹsì àná àbí ti òní?"

Bí mo bá ní ti àná ni, wọ́n á kọ hàà, wọ́n á ní kí n wá fi àwọn sílẹ̀ kí n lọ dáná. Lẹ́yìn ohùn wọn màá máa gbọ́ máṣínnì bàbá mi, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn kí n lè gbọ́ ọ.

Ẹ má rò pé ẹkún ni mò ń sun ṣá. Kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn ló ń kọ́kọ́ kí mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí wọn kì í gbọ́ ohùn mi tẹ́lẹ̀, tí wọ́n máa ń ní, "Jọ̀ọ́, tún un sọ," wọ́n wá ń mú ọ̀rẹ́ wọn wá sí kíláàsì mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìṣẹ́gun.

Ọdún kejì ni ẹ̀ka wa ní kí àwa tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé mú akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, nínú àwọn tó ṣì ń ṣe oyè àkọ́kọ́, kí á jọ ka ìwé. Bó ṣe ń lọ nìyí: èèyàn méjì, ìwé kan, sáà kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka ìwé náà nílé, á wá bá ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á mú ẹfun, á ṣàlàyé ohun tó kà fún ọ lójú pátákó. Ìwọ tó o jẹ́ olùkọ́ lo máa jókòó. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o gbọ́, kí o béèrè ọ̀rọ̀, kí o sì sọ ibi tó ti ṣìnà. Tí sáà bá fẹ́ parí, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á dúró níwájú gbogbo ẹ̀ka, á sọ ohun tó kà. Kò sí ìdánwò, kò sí máàkì, ojú gbogbo èèyàn nìkan ló wà níbẹ̀.

Inú mi dùn. Mo ti múra ojú sílẹ̀, ojú líle tí olùkọ́ ìṣirò wa ní girama máa ń lò fún wa, èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi wò ọ́, wàá rántí ohun tí wọn ò tíì kọ́ ọ. Mò ń retí ọmọ ogún ọdún. Ẹni tó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì jẹ́ ìyá àgbà kan tó ju ìyá mi lọ dáadáa. Irun wọn ti funfun, wọ́n ń rọra rìn nítorí eékún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ ni olùkọ́ mi?"

Ẹ gbà mí o. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, eékún mi méjèèjì ti kanlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà," Yorùbá gan-an ló jáde lẹ́nu mi.

Àyà ìyá náà já. "Kí ló jábọ́?" wọ́n ní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń kọjá náà lóṣòó, ó ń fọwọ́ gbá ilẹ̀ kiri. Kí ni n bá wí? Mo ní yẹtí mi ni. Àwa mẹ́ta wá ń wá yẹtí lórí ilẹ̀ yunifásítì, yẹtí méjèèjì sì wà létí mi.

Mágárẹ́ẹ̀tì ni orúkọ wọn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni wọ́n sọ ìtàn ara wọn fún mi. Ìṣirò ni wọ́n kọ́kọ́ lọ kọ́ ní yunifásítì nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ pè wọ́n síwájú pátákó, wọ́n ṣi iṣẹ́ ṣe, olùkọ́ náà bú sẹ́rìn-ín, gbogbo kíláàsì sì bá a rín in. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọn ò padà mọ́. Ó di ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó tún fẹsẹ̀ tẹ yunifásítì.

"Ẹ̀rù pátákó yẹn ṣì ń bà mí," wọ́n ní. "Bí wọ́n bá tún fi mí ṣe ẹlẹ́yà níbẹ̀, màá lọ sílé, ó sì parí nìyẹn. Mi ò ní padà wá lẹ́ẹ̀kẹta."

Wọn ò fi ṣeré. Mo rí i lójú wọn. Wọ́n wá ní kí n máa pe àwọn ní Mágárẹ́ẹ̀tì. Mágárẹ́ẹ̀tì bí ẹgbẹ́ mi? Ìyá mi á gbọ́ ọ láti Ìlá. Nínú èdè wọn, kò sí "ẹ̀yin" tí à ń lò fún àgbà, "ìwọ" ni wọ́n ń pe ọmọdé, òun náà ni wọ́n ń pe arúgbó. Nítorí náà, "mà" ni mo fi ń dí gbogbo àlàfo. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó dáa, mà. Ẹ jókòó, mà.

Ìwé tí a jọ ń kà dá lórí máàpù àti ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé ṣàlàyé rẹ̀, kò le. Ká ní ẹ fẹ́ ti Ìlá jáde, kí ẹ gba gbogbo ọ̀nà tó wà láàárín Ìlá, Òkè-Ìlá, Ọ̀tan Ayégbajú àti Ìrèsì, kí ẹ má gba ọ̀nà kankan lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì padà sí Ìlá. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ìwé náà ní kí ẹ ka ọ̀nà tó kan ìlú kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé pín ní méjì-méjì, torí pé bí ẹ bá gba ọ̀nà kan wọ ìlú, ẹ gbọ́dọ̀ rí òmíràn gbà jáde. Bí ìlú kan bá ní ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kan á ṣẹ́ kù láìní ẹnìkejì, ìrìn àjò náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Mágárẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn àkàrà. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ìlú wa, wọ́n bá "gb" inú Ayégbajú jà títí wọ́n fi borí rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ẹ̀rí òdìkejì rẹ̀ hàn fúnra àwọn: pé bí ọ̀nà gbogbo ìlú bá ti ṣeé pín ní méjì-méjì, ìrìn àjò náà gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe. Wọ́n kọ ẹ̀rí náà kún pátákó. Ó mọ́ tónítóní, ó sì ní ihò kan. Wọ́n gbàgbé pé àwọn ìlú náà gbọ́dọ̀ já sí ara wọn. Bí máàpù bá wà ní apá méjì, tí apá kan ní ọ̀nà tirẹ̀, tí apá kejì ní tirẹ̀, tí kò sí ọ̀nà kankan láàárín wọn, ẹ máa rìn títí, ẹ ò ní dé apá kejì, bí gbogbo ọ̀nà tilẹ̀ ṣeé pín ní méjì-méjì.

Mo rí ihò náà kíá. Bí màá ṣe sọ ọ́ ló kù.

Ní ilé wa, ọ̀nà wà tí à ń gbà sọ irú rẹ̀ fún àgbà. A kì í ní, "Ẹ ṣì í." A máa ní, "Ẹ má bínú, mà, èmi ni kò yé." Àgbà tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé ọmọ yìí ti rí nǹkan. Á tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, mo gbójú fo ibì kan," ọ̀rọ̀ á tán, iyì gbogbo èèyàn á sì wà níbẹ̀. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, èmi ni ìlà ìsàlẹ̀ yẹn kò yé dáadáa."

Mágárẹ́ẹ̀tì fi ojú àánú wò mí. "Má ṣèyọnu, ọmọ mi," wọ́n ní. Wọ́n pa pátákó rẹ́, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kọ pẹ̀lú ihò inú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé oògùn fún aláìsàn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Mo ní, "Mà, bóyá kí ẹ̀yin náà tún bá mi wò ó. Orí mi ló kú díẹ̀." Wọ́n tún un ṣàlàyé. Wọ́n tiẹ̀ po tíì fún mi.

Ìgbà tó yá, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin tó ń darí ètò náà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mágárẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn rẹ o. Ó ní o ní ìwà pẹ̀lẹ́. Ó ní òun ń ràn ọ́ lọ́wọ́ kí orí kejì ìwé yẹn lè yé ọ. Ṣé kò sí ìṣòro?"

Èmi! Orí kejì! Orí kejì tí mo lè kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ojú oorun! Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo ní kò sí ìṣòro. Ó ní ó dáa, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀ka, pé orúkọ Mágárẹ́ẹ̀tì ló ṣáájú. Ibẹ̀ ni inú tó ń bí mi ti kúrò nínú mi pátápátá, ẹ̀rù wọlé sípò rẹ̀. Mo rántí ọmọ tó gbé ẹsẹ̀ sórí àga. Irú rẹ̀ á kún gbọ̀ngàn náà. Ọ̀kan nínú wọn á ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀," ẹnìkan á rẹ́rìn-ín, Mágárẹ́ẹ̀tì á sì gbé báàgì wọn.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Mo jókòó lórí ibùsùn, mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya máàpù tèmi sẹ́yìn àpò ìwé kan. Mo kọ ilé wa, mo kọ ṣọ́ọ̀bù, mo kọ ọjà, mo fi ọ̀nà so wọ́n. Mo tún kọ yàrá mi, bọ́ọ̀sì, ọ́fíìsì, mo fi ọ̀nà so àwọn náà. Apá méjì. Mo wá ohun tó so wọ́n pọ̀, mi ò rí i. Ẹ máa ní fóònù ńkọ́. Fóònù kì í ṣe ọ̀nà, ohùn nìkan ló ń gba ibẹ̀, ẹsẹ̀ kì í gba ibẹ̀. Tí mo bá kúnlẹ̀ níhìn-ín, wọ́n á ní kí ló jábọ́. Tí mo bá pe ilé, àwọn àbúrò mi ní ohùn mi ti ń dà bíi ti òyìnbó. Àárò ilé ń sọ mí lọ́jọ́ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbé fóònù.

Mo dáhùn ìbéèrè oúnjẹ fún ìyá mi tán, mo ní kí wọ́n fún bàbá mi. Máṣínnì dúró. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀, láti orí yẹtí dé orí tíì. Ní ibi tí mo ti sọ pé Mágárẹ́ẹ̀tì ń kọ́ mi, bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí ikọ́ fi gbà wọ́n lẹ́nu.

"Wàláì, wọ́n rí ọ mú!" Wọ́n sinmi díẹ̀. "Ó dáa, dá mi lóhùn. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló mọ ìwé yẹn jù?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ni wọ́n fi ẹnìkejì lé lọ́wọ́?"

"Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé a kì í já àgbà níyàn."

"Mo kọ́ ọ. Mo tún kọ́ ọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àbí mi ò kọ́ ọ?"

"Ẹ kọ́ mi, sà. Àwọn ni àgbà, èmi lọmọ."

"Ní ọjà wo? Ní ọjà ọjọ́ orí, àwọn ni àgbà. Ní ọjà ìwé yẹn, ìwọ ni àgbà, orí ọmọ ẹ sì ti wọ́, ò ń wò ó, ò ń ní 'ẹ má bínú, mà'. Bí Àlàájà kan tí mo ránṣọ fún bá wọ aṣọ tó tú lẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo rí i, tí mo ní ó yẹ wọ́n torí pé wọ́n jù mí lọ, kí ni wọ́n máa dé ìta bá?"

"Ẹ̀rín, sà."

"Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń sọ ọ́," bàbá mi ní. "Sọ ọ́ fún wọn nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí o wo ojú wọn kí o tó sọ ọ́. Ọlọ́run á fi èyí tó dáa sí i." Máṣínnì tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Mágárẹ́ẹ̀tì wá lọ́sẹ̀ náà, mi ò jókòó. Wọ́n kọ ẹ̀rí wọn tán, wọ́n yíjú sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n ní, "Ṣé ó ti yé ọ báyìí?" Mo wo ojú wọn. Mo fọwọ́ kan ẹ̀wù tí bàbá mi rán.

"Mágárẹ́ẹ̀tì," mo ní, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, "kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ kọ yìí kò tọ̀nà."

Mo gba ẹfun. Mo ya máàpù apá méjì, mo kó ìlú wa sí apá kan, mo kó ìlú tiwọn sí apá kejì. Mi ò sọ ohun mìíràn. Mágárẹ́ẹ̀tì wò ó. Ojú wọn pọ́n díẹ̀díẹ̀ láti ọrùn lọ sókè.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́, mà."

"O sì jẹ́ kí n máa dúró níbí, kí n máa ṣàlàyé ìranù fún ọ?"

"Mo sọ fún yín, mà! Mo ní kò yé mi!"

"O ní kò yé ọ, mo rò pé kò yé ọ ni!"

"Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún àgbà nílé wa nìyẹn!" Mi ò mọ̀ pé ohùn mi ti lọ sókè. Ó di ẹ̀ẹ̀kan náà, ẹnu tí mo ti pa mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà là. "Yẹtí yẹn náà, mà, kò jábọ́ rárá. Mò ń kí yín ni. Bí a ṣe ń kí ẹni tó ju ìyá ẹni lọ nìyẹn, a máa kúnlẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín rẹ́rìn-ín, ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́."

Mágárẹ́ẹ̀tì kúrò nídìí pátákó. Wọ́n mú ẹ̀wù òtútù wọn, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n sì lọ. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń rọra rìn, títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo jókòó sórí àga wọn. Báàgì yẹn ló ń dà mí láàmú.

Mo kọ̀wé sí wọn lórí fóònù, wọn ò fèsì. Nígbà tí ọjọ́ ọ̀rọ̀ náà pé, mo tètè dé gbọ̀ngàn, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀-lórí-àga náà wọlé, ó jókòó síwájú, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ síbi tó mọ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí n tó rí irun funfun níta. Mágárẹ́ẹ̀tì ti ṣe irun, wọ́n kun ètè. Wọ́n kọjá lára mi, wọn ò wò mí, wọ́n lọ tààrà síwájú pátákó. Mo lọ wá àga kan lẹ́yìn pátápátá.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohùn wọn já gaara. Wọ́n ka ọ̀nà, wọ́n pín in ní méjì-méjì. Nígbà tí wọ́n dé ibi ihò, wọ́n dúró, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: bí gbogbo ìlú bá já sí ara wọn. Ihò ti dí. Ẹlẹ́sẹ̀-lórí-àga sì nawọ́ sókè.

"Ìyẹn kò pọn dandan," ó ní. "Tí ọ̀nà bá ti ṣeé pín, ó ti tó."

Mágárẹ́ẹ̀tì yíjú sí pátákó, wọ́n ya máàpù apá méjì. Wọ́n kọ Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀tan Ayégbajú sí apá kan, wọ́n pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, "gb" náà kò sì mú wọn. Wọ́n kọ ìlú tiwọn àti àwọn tó yí i ká sí apá kejì.

"Ibí ni olùkọ́ mi ti wá," wọ́n ní, wọ́n fi ẹfun tọ́ka sí Ìlá. "Kò sí ọ̀nà láàárín. Máa rìn, ọmọ mi, jẹ́ kí n wò ó bóyá wàá débẹ̀." Ọmọ náà wò ó, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àga. "Má jẹ́ kó dùn ọ́," Mágárẹ́ẹ̀tì tún ní. "Èmi náà ṣe àṣìṣe yẹn. Olùkọ́ mi sọ fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ títí, mi ò gbọ́. Mo ṣáà ń po tíì fún un."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo di ojú mi. Ẹ̀rín níwájú pátákó, ohun tí mo sá fún gan-an nìyẹn! Nígbà tí mo la ojú, Mágárẹ́ẹ̀tì fúnra wọn ló ń rín in jù, wọ́n fọwọ́ di pátákó mú kí wọ́n má bàa ṣubú. Báàgì wọn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, wọn ò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dúró. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń bínú sí mi. Wọ́n jáde, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, wọ́n dúró níwájú mi, wọ́n wá fọwọ́ di ògiri mú. Mo rò pé ó ń rẹ̀ wọ́n ni. Àṣé wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú eékún tó ń dùn wọ́n, títí eékún náà fi kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," Mágárẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọ̀sán ni.

"Háà! Ẹ dìde! Ẹ dìde, mà!" Mo ti ń pariwo. "Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ! Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé mi bàjẹ́ ni?" Mo fà wọ́n, wọn ò ṣeé fà. Kò sí ohun tó kù tí mo lè ṣe ju kí èmi náà kúnlẹ̀ lọ. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀, a di ara wa mú ní apá, mi ò mọ èyí tó ń sunkún àti èyí tó ń rẹ́rìn-ín nínú wa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé ẹsẹ̀ sórí àga jáde láti inú gbọ̀ngàn. Ó rí wa, ó tètè lóṣòó, ó ń wo abẹ́ àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Kí ló jábọ́?" ó ní.

"Kò sí ohun tó jábọ́," Mágárẹ́ẹ̀tì dá a lóhùn. "Olùkọ́ mi ni mò ń kí."